Marc Davis, ayàwòrán tó ti ìdí sinimá bọ́ sí ọgbà ìgbafẹ́

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 1913 ni wọ́n bí Marc Davis ní ìlú Bakersfield, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà, ọgbà ẹranko ni ó máa ń lọ láti wo bí ẹranko ṣe ń gbé ẹsẹ̀ àti bí ó ṣe ń yí ọrùn, yóò sì yà á sínú ìwé. Ìmọ̀ yìí ni ó gbé dé ilé iṣẹ́ Walt Disney ní oṣù kejìlá ọdún 1935.

Níbẹ̀ ni ó ti di ọ̀kan nínú àwọn àgbà tí ń mú àwòrán rìn. Ó wà lára àwọn tó ṣe sinimá Bambi ní ọdún 1942. Òun náà ni ó ya Cruella de Vil, obìnrin tó fẹ́ fi awọ ọmọ ajá ránṣọ, ní ọdún 1961.

Disney ti ṣí ọgbà ìgbafẹ́ Disneyland láti ọdún 1955. Lẹ́yìn iṣẹ́ Cruella, ó ní kí Davis lọ yẹ àwọn ìran inú ọgbà náà wò. Davis rí i pé àwọn ère ibẹ̀ kò ní ẹ̀fẹ̀ nínú. Bí ó ṣe fi sinimá sílẹ̀ nìyẹn.

Àkókò ni ìṣòro iṣẹ́ tuntun náà. Ẹni tó lọ wo sinimá lè jókòó ju wákàtí kan lọ. Ẹni tó wọ ọkọ̀ ojú omi nínú ọgbà kò ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lọ́dọ̀ ère kankan. Nítorí náà, ère gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní wíwò ẹ̀ẹ̀kan. Èyí kò ṣàjèjì sí wa ní Àjàṣẹ́: bí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá yọ sójú agbo, ère orí rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ kí ó tó jó.

Nínú ìran àwọn ajalèlókun, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹta ọdún 1967, àwọn ẹlẹ́wọ̀n na ọwọ́ jáde láàárín irin, wọ́n ń fi egungun tan ajá tó fi ẹnu di kọ́kọ́rọ́ ẹ̀wọ̀n mú. Kò sẹ́ni tó nílò àlàyé. Alice, aya Davis, ni ó pilẹ̀ aṣọ tí ẹ̀rọ ń gbé rìn lára àwọn ère náà.

Ṣùgbọ́n Davis ya ìran ńlá mìíràn fún Florida, nípa àwọn darandaran ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, wọn kò sì kọ́ ọ láé. Ajalèlókun ni àwọn àlejò ń béèrè, òun ni wọ́n kọ́ fún wọn ní ọdún 1973.

Ohun kan wà tí ọmọ Áfíríkà kò lè fojú fò. Nínú ìran ọkọ̀ inú igbó, Davis ya àwọn erin tó ń wẹ̀ lódò, ó sì dára púpọ̀. Ó tún ya àwọn arìnrìn-àjò tí àgbáǹréré lé gun orí òpó, àwọn aláàárù dúdú sì wà lára wọn, ohun ẹ̀rín. Ọgbọ́n wíwò ẹ̀ẹ̀kan kan náà ni. Ohun tí àlejò bá a délé ni pé ẹrù àti ẹ̀rù ni ti ènìyàn dúdú. Oṣù kìíní ọdún 2021 ni ilé iṣẹ́ náà tó kéde àtúnṣe rẹ̀.

Davis kò sí láyé mọ́ nígbà náà. Ó fẹ̀yìntì ní ọdún 1978, ó sì kú ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2000, ní ẹni ọdún 86. Kí ọ̀dọ́ tí ń kọ́ àwòrán ní Djègan-Kpèvi lónìí mú ọgbọ́n méjì nínú ayé rẹ̀: kí ó wo ohun tó fẹ́ yà dáadáa, kí ó sì ro bí ẹni tó yà yóò ṣe rí ara rẹ̀ nínú àwòrán náà.