Christopher Sholes, ẹni tí ó to lẹ́tà sí abẹ́ ìka wa

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, bí ẹ bá dé méríì ní Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ ó rí akọ̀wé tí ó ń fi ìka tẹ bọ́tìnnì. Ẹ wo àwọn bọ́tìnnì náà dáadáa. Wọn kò tò ní a, b, d bí a ti ń kà á ní kíláàsì. A àti Z ni ó wà níwájú, E, R àti T sì tẹ̀lé wọn. Ta ni ó kọ́kọ́ da lẹ́tà rú báyìí? Ẹ jẹ́ kí a ka ìtàn rẹ̀.

Ní ọjọ́ 14, oṣù kejì, ọdún 1819 ni wọ́n bí Christopher Latham Sholes ní Pennsylvania, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 14, ó lọ kọ́ iṣẹ́ ìwé títẹ̀. Ní ayé ìgbà náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni òǹtẹ̀wé ń ṣa lẹ́tà onírin jọ kí ó tó tẹ ìwé. Ní ọdún 1837, ó kó lọ sí Wisconsin. Ó di olóòtú ìwé ìròyìn níbẹ̀. Àwọn ará ìlú sì dìbò yàn án sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ó wà lára àwọn tí ó jà títí Wisconsin fi fòpin sí ìdájọ́ ikú ní ọdún 1853.

Ní ọdún 1866, òun àti Samuel Soule, òǹtẹ̀wé bíi tirẹ̀, ṣe ẹ̀rọ tí ó ń tẹ nọ́mbà sí ojú ìwé. Ọ̀rẹ́ wọn, Carlos Glidden, rí i. Ó bi wọ́n léèrè ìdí tí ẹ̀rọ náà kò fi lè tẹ lẹ́tà pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ náà wọ Sholes lọ́kàn. Ní ọjọ́ 23, oṣù kẹfà, ọdún 1868, ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ táípù tí wọ́n ṣe.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tíì parí. Bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ní apá irin kan tí ó gbé lẹ́tà. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì, apá náà yóò fò sókè, yóò sì gbá ìwé. Bí ènìyàn bá ń yára tẹ̀ ẹ́, apá méjì a kọlu ara wọn, wọn a sì há. James Densmore, ẹni tí ó fi owó sí iṣẹ́ náà, kò jẹ́ kí Sholes sinmi. Ó ń fún àwọn akọ̀wé ní ẹ̀rọ náà láti dán wò. Bí wọ́n ti ń bà á jẹ́ ni Sholes ń ṣe òmíràn. Ó ń tún lẹ́tà tò, ó ń tú u, ó tún ń tò ó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ pé nítorí kí irin má baà há ni. Àwọn mìíràn sọ pé àwọn tí ń gba wáyà ni ó gbà á nímọ̀ràn. Níkẹyìn, ètò tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Q, W, E, R, T, Y ni ó dúró.

Ní ọdún 1873, ilé-iṣẹ́ Remington, tí ó ń ṣe ìbọn àti ẹ̀rọ ìránṣọ, gbà láti máa ṣe ẹ̀rọ náà. Sholes ta ẹ̀tọ́ tirẹ̀ ní 12,000 dọ́là. Densmore kò ta tirẹ̀. Owó ń wọlé fún un lórí ẹ̀rọ tí wọ́n bá tà, ó sì lówó ju Sholes lọ. Ikọ́ ẹ̀gbẹ bá Sholes jà pẹ́. Ó kú ní Milwaukee ní ọjọ́ 17, oṣù kejì, ọdún 1890. Kí ó tó kú, ó rí i tí ọ̀pọ̀ obìnrin rí iṣẹ́ ọ́fíìsì nítorí ẹ̀rọ yìí, inú rẹ̀ sì dùn.

Àwọn Faransé yí ètò rẹ̀ díẹ̀ sí A, Z, E, R, T, Y. Èyí ni ó dé ọ̀dọ̀ wa ní Bẹ̀nẹ̀. Kò sí ẹ, ọ àti ṣ lórí rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà kò ní apá irin tí yóò há. Síbẹ̀, wọn kò yí ètò náà padà, nítorí ó ti mọ́ ìka ènìyàn lára. Bí bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà àtijọ́ ti ọdún 1982 bá bàjẹ́, onímọ̀ lè so pátákó bọ́tìnnì ayé òde òní mọ́ ọn. Yóò fi ẹ̀rọ kékeré kan sáàárín wọn bí ògbufọ̀, nítorí àmì tí tuntun ń rán kò yé ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́ kò ní tún lẹ́tà kọ́.

Sholes kò di olówó ńlá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà. Ẹ̀yin náà, bí ìwé bá ṣòro lónìí, ẹ tún un kà lọ́la.

Ẹ dáhùn:
1. Iṣẹ́ wo ni Sholes kọ́ ní kékeré?
2. Kí ni ó ń mú kí ẹ̀rọ náà há?
3. Bí ẹ bá jẹ́ Sholes, ṣé ẹ ó ta ẹ̀tọ́ yín? Kí ni ìdí rẹ̀?