Heinrich Hertz

Heinrich Rudolf Hertz (22 oṣù Kejì, 1857 – 1 oṣù Kìíní, 1894) jẹ́ onímọ̀ físíìsì ọmọ orílẹ̀-èdè Jámánì. Òun ni ó fi àdánwò hàn, láàrín ọdún 1886 sí 1888, pé ìgbì tí a ń pè ní ìgbì rédíò lónìí wà lóòótọ́. Ó tún fi hàn pé ìgbì wọ̀nyí a máa rìn bí ìtànṣán ìmọ́lẹ̀: wọn a máa lọ tààrà, wọn a máa ta padà lára páànù, wọn a sì máa yà kúrò lójú ọ̀nà bí wọ́n bá gba inú ohun mìíràn kọjá. Àbájáde kejì yìí ni àwọn ènìyàn kì í sábà rántí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni àwọn ẹnjinníà ń lò nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò bí ìgbì fóònù yóò ti rìn láàrín ilé àti òpópónà.

Ìgbà èwe àti ẹ̀kọ́

Ìlú Hamburg ni wọ́n bí Hertz sí, òun sì ni àkọ́bí. Gustav Ferdinand Hertz, bàbá rẹ̀, jẹ́ agbẹjọ́rò tí ó wá di ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso ìlú náà. Júù ni ìran bàbá rẹ̀ kí wọ́n tó di Kristẹni ìjọ Luther. Anna Elisabeth Pfefferkorn, ìyá rẹ̀, jẹ́ ọmọ dókítà. Láti kékeré ni ọmọ náà ti ní ọwọ́ iṣẹ́: ó kọ́ iṣẹ́ igi, ó sì ń ṣe àwọn irinṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ó tún ní ẹ̀bùn èdè lọ́nà tí ó ya àwọn olùkọ́ rẹ̀ lẹ́nu, débi pé ó kọ́ èdè Lárúbáwá mọ́ èdè Gíríìkì tí wọ́n ń kọ́ wọn ní ilé-ẹ̀kọ́.

Iṣẹ́ ẹnjinníà ni ó kọ́kọ́ fẹ́ ṣe. Ó lọ sí Frankfurt ní 1875 láti kọ́ṣẹ́, ó dé Dresden, ó sì sin ìjọba nínú iṣẹ́ ológun fún ọdún kan ní Berlin. Nígbà tí ó dé Munich ní 1877, ó kọ̀wé sí bàbá rẹ̀ láti tọrọ ààyè kí òun fi iṣẹ́ ẹnjinníà sílẹ̀ fún ìmọ̀ físíìsì, bàbá rẹ̀ sì gbà fún un. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ó lọ sí Yunifásítì Berlin, ní ọ̀dọ̀ Hermann von Helmholtz, ẹni tí ó di ọ̀gá rẹ̀ títí ayé.

Ní 1879, Helmholtz fi ìbéèrè kan síwájú rẹ̀. James Clerk Maxwell ti fi ìṣirò sọ ní Britain pé ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ ìgbì agbára iná mànàmáná àti ti òòfà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì rí ẹ̀rí rẹ̀ nípa àdánwò. Ẹ̀bùn wà fún ẹni tí ó bá lè dán apá kan nínú ọ̀rọ̀ yìí wò. Hertz ṣírò rẹ̀, ó rí i pé kò sí ohun èlò tí ó lè mú ìgbì tí ó yára tó jáde, ó sì kọ iṣẹ́ náà. Ọdún kan náà ni Maxwell kú. Hertz gba oyè dókítà ní 1880, ó ṣe igbákejì fún Helmholtz, ó sì kọ́ni ní Kiel láti 1883, níbi tí kò ti sí yàrá àdánwò tí ó dára, tí ó fi jẹ́ pé ìṣirò nìkan ni ó gbájú mọ́.

Ẹ̀ta iná ní Karlsruhe

Ní 1885 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ó wà ní Karlsruhe. Ní oṣù Keje 1886 ó fẹ́ Elisabeth Doll, ọmọ olùkọ́ kan níbẹ̀. Ní ìparí ọdún náà ni ó ń lo wáyà méjì tí a ká róbótó, tí ó sì kíyèsí i pé bí ẹ̀ta iná bá ta lára ọ̀kan, ẹ̀ta iná kékeré a máa ta lára èkejì. Ohun èlò tí kò sí ní 1879 ti bọ́ sí i lọ́wọ́.

Ohun tí ó fi ń gba ìgbì náà kò ju wáyà tí a tẹ̀ bí òrùka lọ, tí a fi àlàfo tín-ín-rín sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìgbì kò ní ohùn, kò sì ní àwọ̀; kìkì ẹ̀ta iná tí ó kéré púpọ̀ ni ó lè fi mọ̀ pé ó ti dé. Nítorí náà inú òkùnkùn ni ó máa ń wà, tí yóò máa wo àlàfo náà. Nígbà tí ó fi àpótí bo olùgbà náà kí ó lè ríran dáadáa, ẹ̀ta iná náà kúrú sí i. Dípò kí ó kọjá lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó fi oṣù mélòó kan wá ìdí rẹ̀, ó sì rí i pé ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí, èyí tí ó kọjá àwọ̀ àlùkò, ni ó ń ran ẹ̀ta iná náà lọ́wọ́. Ohun tí ó rí ní 1887 yìí ni Albert Einstein ṣàlàyé ní 1905.

Gbọ̀ngàn tí ó tàn án jẹ

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1888, Hertz kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 15, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 14, tí gíga rẹ̀ sì jẹ́ mítà 6. Ó kan páànù síǹkì tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 4 mọ́ ara ògiri kan, ó sì rán ìgbì sí i láti òdìkejì. Ìgbì tí ń lọ àti èyí tí ó ta padà pàdé ara wọn: ní ibì kan wọ́n fún ara wọn lágbára, ní ibòmíràn wọ́n pa ara wọn. Bí ó ti ń gbé òrùka wáyà rẹ̀ rìn láti ibì kan sí òmíràn, tí ẹ̀ta iná ń tàn tí ó sì ń kú, ó lè wọn gígùn ìgbì náà. Ìgbì wà, ó sì ń rìn nínú afẹ́fẹ́.

Ṣùgbọ́n àbájáde kan dà á láàmú. Ìṣirò Maxwell sọ pé ìgbì tí ń rìn lórí wáyà àti èyí tí ń rìn nínú afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ yára bákan náà. Ohun tí Hertz wọ̀n kò rí bẹ́ẹ̀: ti inú afẹ́fẹ́ yára jù. Ó tẹ ohun tí ó rí jáde bí ó ti rí i, bí ó tilẹ̀ tako ẹ̀kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ń gbè lẹ́yìn. Ní 1893, Édouard Sarasin àti Lucien de la Rive tún àdánwò náà ṣe ní Geneva, nínú gbọ̀ngàn tí ó tóbi ju ti Karlsruhe lọ dáadáa, pẹ̀lú páànù tí ó fẹ̀ jù, wọ́n sì rí i pé ìyára méjèèjì dọ́gba. Gbọ̀ngàn Karlsruhe ni ó ti kéré jù fún ìgbì gígùn tí Hertz lò. Ìlà òpó irin méjì wà nínú rẹ̀, ògiri rẹ̀ sì súnmọ́. Ìgbì ń ta padà lára àwọn wọ̀nyí, ó sì ń dàpọ̀ mọ́ èyí tí ó fẹ́ wọ̀n. Ẹni tí fóònù rẹ̀ dákẹ́ ní igun yàrá kan, tí ó sún ẹsẹ̀ kan síwájú tí ó sì tún gbọ́ ohùn, ti bá irú ọ̀ràn yìí pàdé.

Ìtànṣán agbára iná mànàmáná

Kí ọdún 1888 tó parí, ó ti rí ọ̀nà mú ìgbì kúkúrú jáde, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ntímítà 66. Pẹ̀lú ìgbì yìí, ìyàtọ̀ ìyára náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́. Ó tẹ páànù síǹkì méjì tí gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 2 bí ìdajì ọparun tí a là, ó fi ọ̀kan sẹ́yìn ohun tí ń rán ìgbì, ó fi èkejì sẹ́yìn olùgbà, ìgbì náà sì kó ara jọ sójú kan bí iná tọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀ta iná ṣì ń ta nígbà tí ó fi wọ́n jìnnà sí ara wọn tó mítà 16.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ìtànṣán náà ní gbogbo ìbéèrè tí a máa ń bi ìmọ́lẹ̀. Bí páànù bá wà láàrín, ẹ̀ta iná a kú. Bí ènìyàn bá gba àárín kọjá, ó kú bákan náà. Ṣùgbọ́n ìtànṣán gba ara ilẹ̀kùn onígi kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Òjìji páànù náà kò ní ààlà tí ó gún, nítorí ìgbì a máa yọ́ yí etí ohun tí ó bá dí i lọ́nà. Nígbà tí ó dojú páànù pẹrẹsẹ kọ ìtànṣán náà ní ẹ̀gbẹ́, igun tí ó fi dé ni ó fi ta padà. Ní ìkẹyìn ó da ọ̀dà dúdú sínú àpótí onígun mẹ́ta tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1.5. Ègé ọ̀dà yìí tó nǹkan bí kìlógíráàmù 600. Ìtànṣán tí ó gba inú rẹ̀ jáde yà ní nǹkan bí ìwọ̀n 22 kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìmọ́lẹ̀ ti ń yà nínú ègé dígí tí a lè fi ọwọ́ kan gbé. Oṣù Kejìlá 1888 ni ó fi iṣẹ́ yìí ránṣẹ́ sí Berlin.

Èyí ni ó fún àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ní àṣẹ láti fa ìlà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí ìgbì òpó fóònù kan yóò dé lè mú àwòrán ilé àti ògiri àdúgbò kan, kí ó fa ìtànṣán láti orí òpó náà, kí kọ̀ǹpútà sì tẹ̀ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan: ibi tí ó ti ta padà, ohun tí ó gbà kọjá, agbára tí ó pàdánù. Lẹ́yìn náà ni a ó ro gbogbo èyí tí ó dé ibì kan pọ̀, nítorí pé gígùn ọ̀nà wọn kò dọ́gba, wọ́n sì lè pa ara wọn bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní Karlsruhe. Ọ̀nà yìí kò péye bí ògiri kò bá tóbi ju gígùn ìgbì lọ dáadáa. Etí ilé ni ó ṣòro jù fún un, títí di 1962 tí Joseph Keller fi kún ẹ̀kọ́ náà nípa àwọn ìtànṣán tí ń yọ jáde láti etí nǹkan.

Bonn, àìsàn àti ikú

Ní 1889 Hertz gba ipò Rudolf Clausius ní Yunifásítì Bonn. Ní 1890 ẹgbẹ́ Royal Society ti London fi àmì-ẹ̀yẹ Rumford dá a lọ́lá. Ọ̀rọ̀ ìlò kò sí lọ́kàn rẹ̀ púpọ̀. Nígbà tí ẹnjinníà kan bi í léèrè bóyá a lè fi dígí rẹ̀ rán ìgbì tẹlifóònù, ó dá a lóhùn pé ìgbì bẹ́ẹ̀ gùn tó kìlómítà 300, dígí rẹ̀ yóò sì ní láti tóbi tó kọ́ńtínẹ́ǹtì kan. Ìṣirò náà tọ̀nà. Ohun tí kò ronú kàn ni pé a lè gbé ohùn lé orí ìgbì kúkúrú.

Láti 1892 ni ìrora imú àti eyín ti dè é mọ́lẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un léraléra, ṣùgbọ́n oró àìsàn náà wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó ń kọ ìwé kan lórí ìpìlẹ̀ ìmọ̀ ìṣípòpadà títí dé òpin. Ó kú ní Bonn ní ọjọ́ kìíní ọdún 1894, ní ẹni ọdún 36, wọ́n sì sin ín sí Ohlsdorf ní Hamburg. Ọdún yẹn gan-an ni Guglielmo Marconi ka nípa iṣẹ́ rẹ̀ ní Italy, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ àdánwò tirẹ̀.

Philipp Lenard, igbákejì rẹ̀, ni ó ṣètò ìwé náà fún ìtẹ̀jáde. Lenard yìí kan náà di alátìlẹ́yìn Hitler ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, nígbà tí ìjọba Násì ń ka Hertz mọ́ àwọn Júù. Elisabeth, opó Hertz, àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì, Johanna àti Mathilde, fi Jámánì sílẹ̀ lọ sí England ní àwọn ọdún 1930. Mathilde jẹ́ onímọ̀ nípa ìṣesí ẹranko, Júù tí wọ́n kà á kún sì ni ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Berlin. Ní 1960 ni ìpàdé àgbáyé lórí ìwọ̀n fi òǹtẹ̀ lu orúkọ bàbá wọn gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n iye ìgbà tí nǹkan ń mì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àmì rẹ̀ ni Hz, òun sì ni a ń kà tẹ̀lé nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ rédíò kọ̀ọ̀kan.