Birago Diop, dókítà ẹran tó mọ bí a ṣe ń sọ ẹrù ọkàn kalẹ̀

Ẹni tó bá ń sin màlúù tàbí ewúrẹ́ mọ bó ṣe máa ń rí lára bí àrùn bá wọ agbo. Ṣùgbọ́n dókítà tí a pè wá ńkọ́? Òun náà ní ọkàn. Ìwádìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ti fi hàn pé àwọn dókítà ẹran ń gbẹ̀mí ara wọn ju àwọn ará ìlú yòókù lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ sọ ìtàn Birago Diop. Ọ̀pọ̀ nínú wa ka àlọ́ rẹ̀ nílé ìwé, láì mọ̀ pé dókítà ẹran ni.

Ouakam, lẹ́bàá Dakar, ni wọ́n bí i sí ní 1906. Kò mọ bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló tọ́ ọ. Ó kàwé ní Saint-Louis, ó sì di dókítà ẹran ní Toulouse, nílẹ̀ Faransé, ní 1933.

Nígbà tó padà dé, wọ́n rán an lọ sí Kayes, ní Mali òde òní. Lẹ́yìn náà ó ṣiṣẹ́ ní Côte d'Ivoire, Burkina àti Mauritania. Iṣẹ́ náà ò rọrùn: ọ̀nà jìn, agbo pọ̀, dókítà ò tó nǹkan. Láyé ìgbà yẹn, peste bovine máa ń pa agbo run. 2011 ni wọ́n tó kéde pé ó ti tán lágbàáyé. Bí dókítà bá pẹ́ dé, ojú rẹ̀ ni màlúù á ṣe kú, ojú rẹ̀ ni olówó á ṣe di òtòṣì.

Bí Birago ti ń ti abúlé dé abúlé, ó máa ń jókòó ti àwọn àgbà, á máa gbọ́ àlọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Amadou Koumba, arọ́kin ìdílé ìyá rẹ̀. Ní 1942, ogun ká a mọ́ Paris, kò rọ́nà padà sílé fún bí ọdún méjì. Òtútù ń mú un, àárò ilé ń sọ ọ́. Ló bá mú kálàmù, ó ń kọ àlọ́ wọ̀nyẹn: ti Leuk ehoro, tó gbọ́n bí Ìjàpá tiwa, àti ti Bouki ìkookò alájẹkì. Les Contes d'Amadou Koumba jáde ní 1947.

Lẹ́yìn òmìnira, ó ṣe aṣojú Senegal ní Tunisia. Síbẹ̀, nígbà tó padà sí Dakar, ilé ìwòsàn ẹran ló tún ṣí. Ó kú ní oṣù kọkànlá 1989, lẹ́ni ọdún 82.

Obìnrin tó ru ẹrù bọ̀ láti oko, bó bá dé abẹ́ igi, á ní kí wọ́n bá òun sọ̀. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ̀yin tó ń tọ́jú ẹran, bí oorun bá kọ̀ tí ọkàn sì wúwo, ẹ má fi mọ́ra o. Ẹ wá ẹni tó máa bá yín sọ̀. Àwa tó kù náà, bí ẹran wa bá kú lọ́wọ́ dókítà, ká tó bú u, ká kọ́kọ́ bu omi fún un mu, ká sì bi í pé ṣé ara le.