Pá Antonio ti Èkó



Láti ẹnu wòlíì Jeremáyà ni Ọlọ́run ti ṣèlérí pé ọjọ́ ń bọ̀ tí àti ọmọdé àti àgbà yóò mọ Òun fúnra wọn, nítorí pé Òun yóò dárí ẹ̀ṣẹ̀ wọn jì wọ́n. Ẹ kíyè sí i pé ìlérí méjèèjì so pọ̀: ẹni tí a dárí jì ni ó ń mọ Ẹni tí ó dárí jì í. Ẹ jẹ́ kí a wo bí baba kan ní ilẹ̀ wa ti di ìlérí yìí mú.

Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí ilẹ̀ Brazil gba ìgbàgbọ́ Kátólíìkì níbẹ̀. Nígbà tí àwọn tí ó gba òmìnira bẹ̀rẹ̀ sí padà wá sí Èkó, ìgbàgbọ́ náà bá wọn wá. Àwọn ni a ń pè ní Àgùdà, orúkọ tí Yorùbá fi ń pe Ìjọ wa títí di òní. Ṣùgbọ́n kò sí àlùfáà kan láàárín wọn. Antonio, tí òun náà ti jẹ́ ẹrú rí, ni ó kó wọn jọ sí ilé àdúrà kékeré kan. Ó ń ṣíwájú àdúrà ní ọjọ́ Olúwa, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, ó sì ń ṣe ìrìbọmi. Ìfẹ́ mú kí wọ́n máa pè é ní Padre.

Níhìn-ín ni ìdánwò wà. Kò gba oyè àlùfáà. Kò lè rú ẹbọ Mísà, kò sì lè tú ẹlẹ́ṣẹ̀ sílẹ̀ nínú ìdè rẹ̀. Ẹ ro ti arúgbó tí ikú ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀, tí ẹ̀rí-ọkàn ń dà á láàmú, tí kò sì sí àlùfáà ní ìlú. Ìjọ kọ́ wa pé ẹni tí ó kábàámọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nítorí ìfẹ́ Ọlọ́run, tí ó sì pinnu láti jẹ́wọ́ nígbà tí ààyè bá yọ, ń rí ìdáríjì gbà. Ìrètí tí ó wà fún wọn nìyẹn.

Ní 1863, Fada Francesco Borghero ti ẹgbẹ́ S.M.A., tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ouidah láti 1861, bẹ Èkó wò, ó sì bá ìjọ tí ó wà láàyè. Ní 1868, Fada Pierre Bouche wá láti máa gbé àárín wọn. Antonio kò du ipò. Ó fi agbo lé olùṣọ́-àgùntàn lọ́wọ́. Láti Èkó ni ìgbàgbọ́ ti gòkè wá sí Ìbàdàn, tí orúkọ Òkè Pádì sì ń jẹ́rìí sí i.

Ẹ̀yin ará Ìwó Road, àwọn wọ̀nyẹn dúró de àlùfáà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwa ní i nítòsí, síbẹ̀ àwọn kan ń bẹ láàárín wa tí ọdún ti gorí ọdún tí wọn kò jẹ́wọ́. A kì í gbé etí odò kí a máa fi itọ́ bọ́jú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtìjú dí yín lọ́nà. Èmi tí ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ yín, èmi náà a máa kúnlẹ̀ níwájú àlùfáà mìíràn. Ẹni tí ó bá dìde láti ibẹ̀ kì í mọ Ọlọ́run ní àgbọ́sọ mọ́.

Kí Olúwa fún Antonio ní ìsinmi àìnípẹ̀kun. Àmín.