Òdòdó Pápá Lẹ́yìn Òjò

Nígbà wo ni ẹ dúró wo òdòdó tí ẹnikẹ́ni kò gbìn kẹ́yìn? Olúwa wa ló rán wa ní iṣẹ́ yìí nínú Mátíù 6:28, pé kí a kíyè sí lílì inú pápá. Ẹ jẹ́ kí á wo ẹnì kan tí ó jẹ́ iṣẹ́ náà.

Ní nǹkan bí ọdún 1864 ni a bí George Washington Carver sínú oko ẹrú ní Diamond, ìpínlẹ̀ Missouri, ní Amẹ́ríkà. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí àwọn ajínigbé gbé òun àti Mary ìyá rẹ̀ lọ. A rí ọmọ gbà padà; ẹṣin kan ni ọ̀gá wọn fi san oore ẹni tí ó rí i. A kò rí ìyá rẹ̀ mọ́ láé.

Ara ọmọ náà kò le, nítorí náà iṣẹ́ inú ilé ni wọ́n fún un. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti dilẹ̀, ó di inú igbó àti pápá. Bí òjò ìgbà ooru bá dá ní ilẹ̀ náà, òdòdó elésè àlùkò àti aláwọ̀ ìyeyè a tàn láàárín koríko gíga, oyin àti labalábá a bò wọ́n, ẹyẹ a sì máa ké. George a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò wọ́n. Èyí tí ó bá ń rọ, a gbé e lọ sí ọgbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀, a sì tọ́jú rẹ̀. Ni àwọn aládùúgbò bá ń pè é ní dókítà ewéko.

Nígbà tí ó dàgbà, kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Kansas fi lẹ́tà gbà á, ṣùgbọ́n nígbà tí ó débẹ̀, wọ́n dá a padà nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́, kí ni ẹ bá ṣe? Ní 1886, ó gba ilẹ̀ ní Ness County ní ìpínlẹ̀ kan náà. Ó gé ilẹ̀ pápá tòun ti gbòǹgbò rẹ̀ bíi búlọ́ọ̀kù, ó fi kọ́lé, ó sì ń kó òdòdó jọ, ó ń yà wọ́n. Ní 1893, àwòrán rẹ̀ dé Ìpàtẹ Àgbáyé ní Chicago. Ó gboyè ní Iowa. Ní 1896 ó lọ sí Tuskegee ní Alabama. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ àwọn àgbẹ̀ tí òwú ti gba ọ̀rá ilẹ̀ wọn láti gbin ẹ̀pà àti ẹ̀wà, tí ń mú ilẹ̀ sọjí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ó ti máa ń lọ sínú igbó láti gbàdúrà àti láti wo ewéko. Ó kú ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní, 1943.

Ará, gbòǹgbò koríko pápá náà lè wọlẹ̀ ju gíga ènìyàn lọ. Ọ̀dá dé, iná jó o, síbẹ̀ bí òjò bá rọ̀, a tún hù. Bẹ́ẹ̀ ni Carver rí. Wọ́n gba ìyá rẹ̀, wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè gba iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run kúrò lójú rẹ̀. Láti 1943 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ya ibi tí a bí i sí sọ́tọ̀ fún ìrántí rẹ̀. A ti dá koríko pápá padà síbẹ̀, ó sì ń tanná.

Ilẹ̀kùn wo ni wọ́n tì mọ́ yín? Nígbà tí òjò bá dá, ẹ jáde síta, ẹ wo ohun tí Ọlọ́run gbìn, kí ẹ sì dúpẹ́.

Àdúrà: Olúwa, la ojú mi, sì mú gbòǹgbò mi jinlẹ̀ nínú Rẹ. Àmín.