Ole Kirk Kristiansen, Gbẹ́nàgbẹ́nà ti Billund

Púpọ̀ nínú yín ni ó ti fi ẹsẹ̀ lásán tẹ bíríkì ike kékeré mọ́lẹ̀ rí nínú yàrá tí àwọn ọmọ gbé ń ṣeré. Orúkọ tí a kọ sí orí bíríkì náà ni LEGO. A rò pé ó yẹ kí a sọ ìtàn ẹni tí ó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, nítorí onígbàgbọ́ ni, gbẹ́nàgbẹ́nà sì ni pẹ̀lú.

A bí Ole Kirk Kristiansen ní ọjọ́ 7, oṣù kẹrin, ọdún 1891, ní agbègbè Jutland ní ilẹ̀ Dẹ́ńmákì, sínú ìdílé àgbẹ̀ tí kò ní lọ́wọ́ ṣùgbọ́n tí ó ní ọmọ púpọ̀. Lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni ó ti kọ́ iṣẹ́ igi. Ó sì ṣiṣẹ́ ní Jámánì àti ní Norway kí ó tó padà sílé. Ní ọdún 1916 ó ra ilé iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní abúlé Billund, ó sì gbé Hansine Sørensen níyàwó. Ọlọ́run fi ọmọkùnrin mẹ́rin ta wọ́n lọ́rẹ. Ole Kirk jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ará Indre Mission, ẹgbẹ́ ìsọjí tí ó wà láàárín ìjọ Lútérù ti ilẹ̀ wọn.

Ìdánwò kò pẹ́ dé. Ní ọdún 1924 àwọn ọmọ rẹ̀ kéékèèké méjì ń ṣeré nínú ilé iṣẹ́, èérún igi sì gbiná. Ilé iṣẹ́ jóná, ilé gbígbé jóná pẹ̀lú. Ó kọ́ òmíràn tí ó tóbi ju ti ìṣáájú lọ. Kò pẹ́ tí ọ̀dá owó tí ó bá gbogbo ayé ní ọdún 1929 fi kan àwọn àgbẹ̀ Jutland, kò sì sí ẹni tí ó ń kọ́lé tàbí tí ó ń ra ilẹ̀kùn mọ́. Ó di dandan fún un láti dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Nínú ọdún 1932, ní àárín ìṣòro yìí, Hansine kú.

Ní ọdún náà gan-an ni ó bẹ̀rẹ̀ sí fi igi ṣe ohun ìṣeré ọmọdé. Nígbà tí ó bẹ àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ kí wọ́n ṣe onídùúró fún owó tí ó fẹ́ yá, wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọ́n bi í léèrè bóyá kò lè rí iṣẹ́ tí ó wúlò ju èyí lọ ṣe. Àwa kò lè dá wọn lẹ́bi. Ta ni yóò ra ohun ìṣeré nígbà tí oúnjẹ kò tó? Síbẹ̀ Ole Kirk kò yí padà. Nígbà tí àwọn ènìyàn kò ra yo-yo mọ́, ó gé àwọn tí ó kù nílẹ̀ sí méjì, ó sì fi wọ́n ṣe ẹsẹ̀ ọkọ̀ onígi. Ní ọdún 1934 ó gbé Sofie Jørgensen níyàwó. Ní ọdún yìí kan náà ni ó ṣe ìdíje láàárín àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ láti wá orúkọ fún ilé iṣẹ́ náà. Ìgò wáìnì kan tí ó ti ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni ẹ̀bùn. Orúkọ tí òun tìkára rẹ̀ rò ni a mú, bóyá òun náà ni ó sì jẹ ẹ̀bùn! Inú ọ̀rọ̀ méjì ní èdè wọn ni LEGO ti wá, ìtumọ̀ wọn sì ni pé kí a ṣeré dáradára.

Godtfred ọmọ rẹ̀ ń bá a ṣiṣẹ́ láti kékeré. Ní ọjọ́ kan ọmọ náà fi ayọ̀ ròyìn fún baba rẹ̀ pé òun ti dín ìnáwó kù: ẹ̀ẹ̀mejì ni òun fi ọ̀dà dídán kun àwọn pẹ́pẹ́yẹ onígi, dípò ẹ̀ẹ̀mẹta tí wọ́n máa ń kùn wọ́n, òun sì ti kó wọn lọ sí ibùdókọ̀ rélùwéè. Ó rò pé a óò yin òun. Baba pàṣẹ fún un pé kí ó padà lọ kó wọn wá lójú ẹsẹ̀, kí ó kùn wọ́n lẹ́ẹ̀kẹta, kí ó dì wọ́n, kí ó sì dá wọn padà sí ibùdókọ̀, kí ó dá gbogbo rẹ̀ ṣe, ìbáà gbà á ní gbogbo òru. Ẹ rò ó wò: ta ni ì bá mọ̀? Ọmọdé tí ń fa pẹ́pẹ́yẹ kiri ilẹ̀ kì í ka iye ọ̀dà. Godtfred fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ ìtàn yìí nígbà tí ó dàgbà.

Iná tún jó ilé iṣẹ́ náà ní ọdún 1942, nígbà tí àwọn ará Jámánì gba ilẹ̀ wọn. Àwọn àwòrán iṣẹ́ àti àpẹẹrẹ bá a lọ. Ó tún kọ́ ọ. Ní ọdún 1946 ó ra ẹ̀rọ tí ń yọ́ ike, ní 30,000 kroner, owó ńlá fún gbẹ́nàgbẹ́nà abúlé.

Níhìn-ín ó yẹ kí a sọ òtítọ́. Kì í ṣe Ole Kirk ni ó kọ́kọ́ ro bíríkì onílílẹ̀mọ́ra. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Hilary Page, tí ó ni Kiddicraft, ni ó ti ń ṣe é. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni Ole Kirk àti ọmọ rẹ̀ rí, tí wọ́n tún un ṣe díẹ̀, tí wọ́n sì gbé e jáde ní ọdún 1949. Page kú ní ọdún 1957. Ọdún 1981 ni ilé iṣẹ́ LEGO tó ra ẹ̀tọ́ bíríkì náà lọ́wọ́ àwọn tí ó ni Kiddicraft nígbà náà. Lójú wa, ọ̀rọ̀ yìí wúwo ju ti ọ̀dà pẹ́pẹ́yẹ lọ, ó sì pẹ́ kí a tó yanjú rẹ̀.

Bíríkì ìṣáájú náà kò tà púpọ̀. Inú rẹ̀ ṣófo, ohun tí ọmọ bá sì fi kọ́ a máa tètè tú. Godtfred ni ó wá ọ̀nà: ó fi ọ̀pá oníhò sínú bíríkì, tí ó fi jẹ́ pé kókó orí èyí tí ó wà nísàlẹ̀ há gírígírí sí àárín wọn, síbẹ̀ ọwọ́ ọmọdé lè tú wọn. Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ìfọwọ́sí ìjọba ní Copenhagen ní ọjọ́ 28, oṣù kìíní, ọdún 1958. Bíríkì mẹ́fà péré tí ó ní kókó mẹ́jọ, tí àwọ̀ wọn jẹ́ ọ̀kan náà, a lè tò wọ́n pọ̀ ní ọ̀nà 915,103,765.

Ọjọ́ 42 lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 11, oṣù kẹta, Ole Kirk sùn nínú Olúwa ní ẹni ọdún 66. Ní ọdún 1960 iná tún jó ilé ìkó-nǹkan-sí ti àwọn ohun ìṣeré onígi. Godtfred kò tún un kọ́ fún igi mọ́. Bíríkì ni ó gbájú mọ́, èyí tí a sì ṣe ní ọdún 1958 ṣì ń lẹ̀ mọ́ èyí tí a ń ṣe lónìí.