Umar ọmọ Abdul-Azeez: Olórí Tó Kọ́kọ́ Dín Ti Ara Rẹ̀ Kù

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tó dá sánmà àti ilẹ̀, tó sì gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ jẹ. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti gbogbo àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú Ìsìláàmù, mo gba ara mi àti ẹ̀yin níyànjú pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun ní gbangba àti ní kọ̀rọ̀.

Bí owó ìlú kò bá tó ná mọ́, àwọn olórí a máa sọ fún ará ìlú pé kí wọ́n fara dà á. Ọ̀rọ̀ náà lè jẹ́ òtítọ́, nítorí kò sí ìṣúra ẹ̀dá tí kì í tán. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí tálákà máa ń bi ara rẹ̀ lọ́kàn: oúnjẹ ta ni wọ́n kọ́kọ́ bù kù? Nítorí ìbéèrè yìí ni a ṣe fẹ́ gbé ìgbésí ayé Umar ọmọ Abdul-Azeez yẹ̀ wò lónìí.

Inú ọlá ni wọ́n bí Umar sí. Abdul-Azeez ọmọ Marwan, bàbá rẹ̀, jẹ́ gómìnà Íjíbítì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdílé Umayya ni wọ́n, àwọn tó ń ti ìlú Damásíkù ṣàkóso gbogbo ilẹ̀ Mùsùlùmí nígbà náà. Ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ-ọmọ Umar ọmọ Khattab, kalífà kejì. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Mọdínà lọ́dọ̀ àwọn àgbà onímọ̀, ó sì fẹ́ Fatimah, ọmọ Kalífà Abdul-Malik. Ní ìgbà èwe rẹ̀, ó fẹ́ràn aṣọ olówó iyebíye àti lọ́fínńdà tó bẹ́ẹ̀ tí òórùn dídùn fi ń sọ ibi tó gbà kọjá fún àwọn ènìyàn.

Ní ọdún 706, Kalífà Walid fi í jẹ gómìnà Mọdínà. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe níbẹ̀ ni pé ó pe àwọn onímọ̀ mẹ́wàá jọ láti máa bá a dámọ̀ràn. Àwọn tó ń sá fún ìnilára Hajjaj ní Iraq a máa wá forí pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀. Hajjaj fi ẹ̀sùn rẹ̀ sun kalífà, wọ́n sì yọ ọ́ nípò ní ọdún 712.

Ní ọdún 717, tí í ṣe ọdún 99 Hijira, Kalífà Sulayman dùbúlẹ̀ àìsàn ní Dabiq ní ilẹ̀ Síríà. Raja ọmọ Haywah, onímọ̀ kan tó bẹ̀rù Ọlọ́hun, gbà á nímọ̀ràn, ó sì kọ orúkọ Umar sínú ìwé tí wọ́n lẹ̀ pa. Nígbà tí wọ́n ka ìwé náà lẹ́yìn ikú Sulayman, ìbẹ̀rù ni ó bá Umar dípò ayọ̀. Wọ́n fa àwọn ẹṣin ọba wá fún un pẹ̀lú gbogbo ọ̀ṣọ́ wọn. Ó kọ̀ wọ́n, ó gun ìbaaka tirẹ̀, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n ta àwọn ẹṣin náà, kí wọ́n kó owó wọn sí Baitul-Mali, ìyẹn ilé ìṣúra gbogbo Mùsùlùmí.

Ara rẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó wo àwọn ilẹ̀ tí àwọn kalífà ìṣáájú ti fi ta ìdílé rẹ̀ lọ́rẹ. Èyí tó bá ti jẹ́ ohun ìní gbogbo ènìyàn, ó dá a padà. Ilẹ̀ Fadak wà lára wọn. Ó dá a padà sí bí ó ti wà nígbà ayé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Lẹ́yìn náà ni ó kọjú sí ìyàwó rẹ̀. Fatimah ní ohun ọ̀ṣọ́ iyebíye tí bàbá rẹ̀ fún un. Umar ní kí ó yan ọ̀kan: kí ó kó o sí Baitul-Mali, tàbí kí àwọn méjèèjì pínyà. Fatimah yan ọkọ rẹ̀, ó sì yọ̀ǹda ohun ọ̀ṣọ́ náà.

Ìgbà tó ti ṣe ti ara rẹ̀ tán ni ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí. Ó dá ẹ̀bùn àrà ọ̀tọ̀ tí àwọn ọmọ Umayya ń gbà dúró, ó sì dá ohun tí wọ́n fi agbára gbà padà fún àwọn tó ni ín. Inú bí wọn. Wọ́n rán arábìnrin bàbá rẹ̀, Fatimah ọmọ Marwan, sí i láti bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ó mọ̀ pé ìṣirò Ọjọ́ Àlùkìyáámọ̀ ni òun ń bẹ̀rù ju ìbínú ẹbí lọ. Àwọn àgbà wa ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde; Umar kó òdodo jáde láti inú ilé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tó ti dín owó kù àti ibi tí kò fọwọ́ kàn. Nígbà tí gómìnà Mọdínà béèrè ìwé ìkọ̀wé, ó ní kí ó gbẹ́ ẹnu kálàmù rẹ̀ kó tínrín, kí ó sì kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ súnmọ́ra. Àwọn onítàn sọ pé bí ó bá parí iṣẹ́ ìlú lóru, a máa pa àtùpà ìjọba, a sì tan tirẹ̀ kí ó tó sọ ọ̀rọ̀ ilé. Àwọn ọmọ ogun tó dó ti Constantinople, èyí tí í ṣe Istanbul lónìí, wà nínú ebi àti òtútù. Ó fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí wọn, ó sì pè wọ́n wálé.

Ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ìpín aláìní. Ní Khurasan, wọ́n ṣì ń gba jizya, owó orí àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí, lọ́wọ́ àwọn tó ti gba Ìsìláàmù, kí owó má baà dínkù. Umar fòpin sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣúra ni yóò pàdánù. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n bá àwọn onígbèsè tí kò ní agbára san gbèsè wọn. Wọ́n gbà á wá pé ẹni tó rán lọ gba zakà ní Ifriqiya, ní àgbègbè Tùnísíà, kò rí tálákà tí yóò gbà á mọ́, ó sì fi owó náà ra ẹrú sí òmìnira.

Nǹkan bí ọdún méjì àti oṣù márùn-ún péré ni ó lò lórí oyè. Ó kú ní Dayr Siman ní Síríà, ní ọdún 720, ní nǹkan bí ẹni ogójì ọdún. Àwọn onítàn kan ní májèlé ni wọ́n fún un jẹ. Nígbà àìsàn náà, Maslamah, arákùnrin ìyàwó rẹ̀, wá kí i, ó sì rí i pé ẹ̀wù ọrùn rẹ̀ ti dọ̀tí. Ó bi Fatimah léèrè ìdí tí wọn kò fi fọ̀ ọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé kò ní òmíràn tí yóò wọ̀ bí wọ́n bá bọ́ ọ fọ̀.

Yazid tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ dá ọ̀pọ̀ nǹkan padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ó tilẹ̀ fẹ́ kó ohun ọ̀ṣọ́ náà fún Fatimah, arábìnrin rẹ̀, ṣùgbọ́n Fatimah kọ̀, kò fẹ́ tàpá sí ọkọ rẹ̀ nítorí pé ó ti kú. Ẹ kò rí i bí? Àwọn aláṣẹ yí àṣẹ Umar padà, ṣùgbọ́n ẹni tó fara jìn pẹ̀lú rẹ̀ kò yí padà.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ má ṣe rò pé àwọn olórí ìlú nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Olùṣọ́ ni olúkúlùkù wa. Bàbá ilé tí owó kò tó fún, ṣé owó ilé-ìwé ọmọ ni ó kọ́kọ́ dá dúró ni, àbí aṣọ ẹbí tirẹ̀? Àwa tí a ń tọ́jú àpò mọ́sálásí, nígbà tí owó bá dínkù, ṣé owó ẹni tó ń gbálẹ̀ ni a óò yọ, àbí ohun ìpanu ìpàdé wa? Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹni tó bá fẹ́ gé nǹkan kù, kí ó ti ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà náà ni ẹnu rẹ̀ yóò gba ọ̀rọ̀ sùúrù.

Kí Ọlọ́hun kẹ́ Umar ọmọ Abdul-Azeez, kí Ó fún wa ní olórí tó ní àánú, kí Ó sì ṣe àwa náà ní olódodo lórí ìwọ̀nba tó wà níkàáwọ́ wa. Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún èmi àti ẹ̀yin. Àmín.